Jíìpù tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń purọ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Kétu

Jíìpù onílẹ̀kùn márùn-ún ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti bẹntiróòlù, lítà 2.7, onísìlíńdà mẹ́rin. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe é, Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, èbúté Kútọnù ló sì gbà wọlé bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń rìn ní ojú títì wa. Ìyá kan tó ń ra gàrí àti àgbàdo ní àwọn abúlé tó yí Kétu ká ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n sì ń kó o gba Ìpóbẹ̀ àti Sakété lọ tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló ni ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lọ lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì; wọ́n á kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì padà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ jẹ́ kí á fi ọjọ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tó yá, ohun tí wọ́n sọ fún wa ju ohun tí mítà sọ lọ.

Ẹ̀sùn mẹ́rin ni ìyá náà kà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àkọ́kọ́, àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ọkọ̀ kì í ṣí, tí ó kàn ń dún tá-tá-tá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èkejì, abẹ́rẹ́ tó ń fi gbígbóná ẹ́ńjìnnì hàn máa ń gun òkè títí dé ojú pupa, pàápàá tí wọ́n bá ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, débi pé dírẹ́bà wọn ti sọ ọ́ di àṣà láti dúró ní Ìpóbẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ a máa já lójú ọ̀nà, bí ìgbà tí epo kò bá dé ibi tó yẹ kí ó dé. Ẹ̀kẹrin, ó ń mu epo ju bí ó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ, iná iwájú rẹ̀ sì ti di bíi ti àtùpà.

Oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n ti fi ń gbé e kiri kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ti ra bátìrì tuntun, wọ́n ti pààrọ̀ àlítánátọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́), wọ́n ti ra pọ́ǹpù epo, wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n sì ti pààrọ̀ bùjí, ìyẹn pílọ́ọ̀gì, lẹ́ẹ̀mejì. Owó tí wọ́n ná sórí rẹ̀ lé ní 190,000 fáránkì sẹ́fà, kò sì sí ọ̀kan nínú ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kúrò nílẹ̀. Ẹnìkan sọ fún wọn pé kpayo, ìyẹn epo inú ìgò tí wọ́n ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà kí ó tó di ẹrù. Èmi kò ní í bú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ṣáájú wa, nítorí pé èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi, mo sì máa sọ ọ́ ní ibi tó yẹ.

Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ náà wọ ọgbà wa, lẹ́yìn tí ó ti sinmi láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Okùn ni wọ́n fi fà á wá. Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, a fi mítà wọn bátìrì lórí ìdúró: 12.0 fólítì. Bátìrì tó kún dáadáa máa ń fi 12.6 hàn, èyí tó bá sì ti wà ní 12.2 ti lo ìdajì agbára rẹ̀, nítorí náà ìdí tí sítátà fi ń dún tá-tá-tá kò ṣòro rí. Ohun tó ṣòro ni láti mọ ẹni tó jẹ agbára náà. A gba bátìrì sí ṣájà di ọjọ́ kejì, a dá a padà, a sì ṣí ọkọ̀. Nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, bátìrì kò lọ sílẹ̀ ju 10.3 lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dìde, a rí 14.1 lórí bátìrì. Ìwọ̀n méjèèjì dára. Wọ́n fi hàn pé bátìrì kò lárùn, àlítánátọ̀ kò lárùn, sítátà náà kò sì lárùn. Bí a bá ti wọn nǹkan mẹ́ta yìí ní oṣù márùn-ún ṣáájú, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà má ra bátìrì rárá.

A gbìyànjú láti fi skánà bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń rò pé irú èyí túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ti kú, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996 ni òfin ti mú kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké máa sọ èdè kan náà tí à ń pè ní OBD-II; ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, ọdún 2001 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ tó mú àwọn ọkọ̀ oníbẹntiróòlù. Ọkọ̀ 1998 tó ti Yúróòpù wá lè má gbọ́ èdè yẹn rárá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ̀rọ̀: a ó so ihò méjì pọ̀ nínú àpótí kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa ṣẹ́jú, a ó máa ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú. A ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí àbùkù kankan tó fi pamọ́. Èyí náà jẹ́ ìròyìn, nítorí pé kọ̀ǹpútà kì í mọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Àwọn wáyà tó ní ẹ̀ṣọ́ lórí nìkan ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ kpayo, a kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú lóòótọ́. A fa epo láti inú táńkì sínú ìgò funfun kan, a gbé e sórí fèrèsé di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà nínú epo, ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò jókòó sí, ààlà rẹ̀ pẹ̀lú epo á sì hàn gbangba. Epo náà mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kpayo parí sí nínú ìwádìí yìí nìyẹn, owó ìgò kò sì tó nǹkan.

Àṣìṣe tèmi ló kàn. Nígbà tí mo rí i tí iná iwájú ń ṣe bàìbàì, mo fura sí wáyà màásì, èyí tí àwọn ará wa ní ìhà Nàìjíríà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì láti ara ọkọ̀. Ìfura náà tọ̀nà. Mo pa ọkọ̀, mo yí mítà sí ibi tó máa ń dún bí wáyà bá pé, mo fi ẹnu kan rẹ̀ kan orí bátìrì tó jẹ́ ti màásì, mo fi èkejì kan bọ́dì. Mítà dún. Mo yí i sí ibi tó ń ka ìdènà, ó kọ 0.2 óòmù, mo sì ti mọ̀ pé bí mo bá fi ẹnu méjèèjì kan ara wọn lásán, bí 0.2 náà ni mítà wa máa ń kọ. Mo wí fún ara mi pé màásì dára, mo kúrò níbẹ̀, mo sì fi ọjọ́ méjì tú àwọn rìlé (ṣíwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tì) àti ṣíwíìṣì iná iwájú wò. Ohun tí mo gbàgbé ni pé iná tín-ín-rín ni mítà ń rán gba inú wáyà nígbà tó bá ń dún. Wáyà tí okùn kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀ yóò dún. Ojúkò tí ipata ti jẹ, tí apá kékeré ibẹ̀ ṣì fara kan ara, yóò dún. Bí a bá ní kí iná tó tó áḿpíà ogún gba ibẹ̀ kọjá, ìgbà náà ni yóò tó sọ òótọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló tún ọ̀rọ̀ náà gbé sí ojú ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ọmọ náà jókòó sídìí ọkọ̀, èmi wà níwájú tí mo ń wo iná. Mo ní kí ó tan iná iwájú, ó tàn án. Mo ní kí ó pa á, ó pa á. Lẹ́ẹ̀kẹta tó tàn án, ó pariwo: “Ọ̀gá, ẹ wá wo abẹ́rẹ́ yìí!” Mo bẹ orí wọ inú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gbígbóná tó ti wà láàárín tẹ́lẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àkàbà, títí tó fi kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó pa iná, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó tún tàn án, ó tún gòkè. Mo ní kí ó tan fáànù atẹ́gùn inú ọkọ̀ dé òpin pẹ̀lú wáípà, abẹ́rẹ́ bá wọ ojú pupa. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá gbóná, kí ó sì tún fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tutù, nítorí pé ẹnìkan tan iná. Abẹ́rẹ́ epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mira rárá ní gbogbo àkókò yìí, èyí ló sì jẹ́ kí n mọ ibi tí mo máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dì í mọ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì ni màásì rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń gbé abẹ́rẹ́ náà ní tirẹ̀, bọ́dì ni màásì rẹ̀. Bí bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì bá wà ní ipò kan náà, abẹ́rẹ́ á sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tó so bọ́dì mọ́ ẹ́ńjìnnì àti bátìrì bá ti dí, gbogbo iná tó bá ti inú iná iwájú, fáànù àti wáípà jáde yóò kóra jọ sínú bọ́dì bí omi tí kò rí ojú gọ́tà gbà, fólítì bọ́dì á ga ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, abẹ́rẹ́ á sì ka ìyàtọ̀ náà bí ẹni pé ooru ni. Abẹ́rẹ́ epo kò mira nítorí pé bọ́dì ni màásì ohun tó wà nínú táńkì epo, bọ́dì náà ni màásì dáṣíbọ́ọ̀dù. Fólítì àwọn méjèèjì jọ ń gòkè ni, wọ́n sì jọ ń sọ̀.

Ní alẹ́ yẹn kan náà, a wọn ọ̀nà màásì ní ọ̀nà tó yẹ kí n ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mo yí mítà sí fólítì, mo fi ẹnu dúdú rẹ̀ sórí òjé bátìrì tó jẹ́ ti màásì (orí òjé gan-an, kì í ṣe orí ìdè wáyà), mo fi ẹnu pupa kan ara ẹ́ńjìnnì: 0.04. Ó dára. Mo wá fi ẹnu pupa kan bọ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, níbi tí mo ti họ ọ̀dà kúrò: 0.5, láì tan ohunkóhun. A tan iná iwájú: 1.4. A fi fáànù àti wáípà kún un: 2.9. Ohun tí ó yẹ kí á rí ní irú ojúkò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Ẹ wá wo bí ìṣirò náà ṣe bá ti mítà mu: ìdènà 0.08 óòmù, èyí tó kéré débi pé mítà mi kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà ẹnu ara rẹ̀, yóò gba fólítì 2.9 mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tí áḿpíà bá tó 36. Gbogbo ìtakora ọjọ́ méjì náà ti yanjú.

A mú wáyà tí à ń fi ń ya iná láti bátìrì ọkọ̀ kan sí òmíràn, a fi ẹnu rẹ̀ kan há ẹ́ńjìnnì, a fi èkejì há ibi tí mo họ lára bọ́dì. Iná iwájú funfun báláú lójú ògiri ọgbà. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sì dúró láàárín bí a ti retí, ó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sí ibi tí wọ́n kọ pé ẹ́ńjìnnì tutù sí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ti ń rí àrùn kejì tó ń yọjú lẹ́yìn àkọ́kọ́.

Ọjọ́ kejì, a wa ọkọ̀ jáde sí ọ̀nà Ìpóbẹ̀, a sì gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ooru dání. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó máa ń ṣi ojú irin tó ń dán kà. Ní ibi tí a fẹ́ wọ̀n, a lẹ tépù dúdú mọ́ ọn, orí tépù náà la sì ń kà. Lẹ́yìn ìrìn tó gùn dáadáa, ibi tí omi ti ń jáde lórí ẹ́ńjìnnì jẹ́ 71 °C. Ẹ́ńjìnnì tí dírẹ́bà ti ń dá dúró ní Ìpóbẹ̀ kí ó lè tutù kò tíì gbóná tó bó ṣe yẹ kó gbóná! A tú ilé tẹ́mósítáàtì, òfìfo la bá níbẹ̀. Ẹnìkan ti yọ ọ́ dànù nígbà tí abẹ́rẹ́ ń gun òkè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé nǹkan àwọn tó ń gbé nílẹ̀ òtútù ni.

Èrò yìí ti ba ẹ́ńjìnnì púpọ̀ jẹ́ ní agbègbè wa, n kò sì ní fọ̀rọ̀ bò ó. Tẹ́mósítáàtì kì í ṣe ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná; ẹnu ọ̀nà ni, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé ìwọ̀n tó yẹ, tí ó sábà máa ń jẹ́ 82 tàbí 88 °C, lẹ́yìn náà á ṣí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé àárọ̀ ni títí ọjọ́ á fi kanrí, á sì máa fi epo kún epo bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Èyí ló ń jẹ epo ìyá náà. Òun náà ló ń kun bùjí ní dúdú. Nígbà tí a tú wọn, èédú tó wà lórí wọn ń fara mọ́ ìka. Wọ́n ti pààrọ̀ bùjí lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tó ń sọ wọ́n di dúdú. Nítorí irọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀ tí kò ṣe nǹkankan, wọ́n sì yọ tẹ́mósítáàtì tó wúlò: ìyẹn ni pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Jíjá tí ọkọ̀ ń já lójú ọ̀nà wá di ohun tó ní orísun méjì. Ọ̀kan ni bùjí tó ti dú. Èkejì ni pọ́ǹpù epo, tí màásì rẹ̀ wà lára bọ́dì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kí a tó tún màásì ṣe, a tan gbogbo iná, a sì wọn fólítì tó ń dé orí pọ́ǹpù: 10.4 péré, nígbà tí bátìrì ń fi 14.1 hàn. A so mítà ìfúnpá mọ́ ojú ọ̀nà epo, ó wà ní 3.0 báà nígbà tí iná kú, ó sì lọ sí 2.4 nígbà tí iná tàn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń yọ wọ́n lẹ́nu ju ti òwúrọ̀ lọ bí wọ́n bá ń bọ̀ ní alẹ́. Pọ́ǹpù tuntun tí wọ́n rà kò lè ṣe ju bí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti mọ lọ.

Wíwá ibi tí màásì ti já kò pẹ́. Lórí ọkọ̀ yìí, wáyà nípọn kan ti orí bátìrì lọ sára ẹ́ńjìnnì, wáyà tínrín kan ti orí bátìrì lọ sára bọ́dì, okùn irin tí wọ́n hun bí irun dídì sì yẹ kó wà láàárín ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì (tí à ń pè ní kúlàásì) àti ògiri irin tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibùjókòó. Okùn híhun náà kò sí níbẹ̀. Ihò bóòtì rẹ̀ wà, ó mọ́, ó sì ní òróró díẹ̀ nínú: ìyá náà rántí pé wọ́n ti tú kúlàásì nítorí gásíkẹ̀tì ní ọdún tó ṣáájú. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni okùn náà wà, ọwọ́ kò fẹ́ẹ́ dé ibẹ̀, ọkọ̀ sì máa ń ṣí láìsí i, ẹni tó gbàgbé rẹ̀ kò ní mọ̀. Gbogbo ẹrù wá bọ́ sórí wáyà tínrín. A tú bóòtì rẹ̀ lábẹ́ àga bátìrì, a rí ọ̀dà búlúù lábẹ́ orí wáyà náà, ọ̀dà tuntun tó nípọn. Nígbà kan, ọkọ̀ ti kọlu nǹkan, àwọn tó nà bọ́dì ti pààrọ̀ irin ẹ̀gbẹ́ iwájú, wọ́n kùn ún, wọ́n sì di wáyà mọ́ orí ọ̀dà. Etí bóòtì nìkan ló ń gbé iná kọjá. Omi bátìrì tó ń kán sí ibẹ̀ sì ti sọ bàbà inú wáyà di aláwọ̀ ewé.

Iṣẹ́ náà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. A họ irin títí ó fi dán, a ge wáyà tuntun tó nípọn tó mílímítà 25 onígun mẹ́rin, a tẹ orí rẹ̀ pa, a dì í, a sì fi gírísì bò ó lẹ́yìn tí a ti dì í tán, kì í ṣe ṣáájú. A ṣe okùn híhun tuntun fún ẹ̀yìn kúlàásì, a fi tẹ́mósítáàtì 82 °C sí i, a nu bùjí. Gbogbo ohun èlò náà kò tó 15,000 fáránkì. Nígbà tí a tún wọn bọ́dì pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn, mítà kọ 0.09.

Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ló kù. Nígbà tí mo bi ìyá náà pé òwúrọ̀ wo ni ọkọ̀ kì í ṣí, wọ́n ní, “Ìgbà tó bá wù ú ni.” Mo ní kí wọ́n rò ó dáadáa. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ka ìka ọwọ́ wọn, wọ́n wá ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́ Ẹtì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu.” Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ìdájí ọjọ́ Ẹtì kò tó ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kan ń jẹ bátìrì bí ọkọ̀ bá sùn, ó sì ń jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́.

A yọ wáyà màásì kúrò lórí bátìrì, a fi mítà sáàárín wọn ní ipò áḿpíà, a fi sukurudíráfà ti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn pa kí ọkọ̀ lè rò pé ilẹ̀kùn ti pa, a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí pé ẹni tó bá kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò ka iná àwọn nǹkan tí kò tíì sùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ṣe èyí kò gbọ́dọ̀ ṣèèṣì ṣí ọkọ̀; bí ó bá ṣí i, fíúùsì inú mítà á jó. Ó dúró lórí 0.43 áḿpíà. Ohun tó bójú mu kò yẹ kó ju 0.05 lọ. Ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, 0.43 á jẹ áḿpíà-wákàtí mẹ́wàá lé díẹ̀. Bátìrì ìyá náà sì jẹ́ áḿpíà-wákàtí 60. A ń yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń dá a padà, títí a fi dé ti rédíò, tí mítà já sí 0.03. Ẹni tó fi ẹ̀rọ amóhùn-ga sí ìdí ìjókòó ẹ̀yìn ti so wáyà tó yẹ kó máa jí i àti èyí tó ń bọ́ ọ pọ̀ mọ́ iná tí kì í kú. Ẹ̀rọ náà kò sùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀. A gbé wáyà ìjí sí ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́, ó parí.

Ohun tí mo yí padà nínú ọgbà wa látàrí ọkọ̀ yìí kò pọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó bá wọlé pẹ̀lú ẹ̀sùn iná tàbí ti ooru, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n márùn-ún sínú ìwé kí a tó tú bóòtì kankan: bátìrì lórí ìdúró, bátìrì nígbà tí sítátà ń yí, bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, màásì sí ẹ́ńjìnnì, àti màásì sí bọ́dì pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. A kì í fi ohun tó ń dún dá wáyà láre mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ẹ̀rọ ooru gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan tẹ́mósítáàtì. Mo sì ti fi kún àwọn ìbéèrè tí à ń bi ẹni tó ni ọkọ̀: ta ló tú kúlàásì, ta ló nà bọ́dì, ta ló gbé rédíò sí i, nígbà wo? Àrùn mẹ́ta tó wà lára jíìpù yìí, ọwọ́ ènìyàn ló fi wọ́n síbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́.

Ìyá náà ti lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Nǹkan kan ṣẹ́ kù tí a kò tíì ṣe: ní ọ̀nà rere tó lọ sórí pọ́ǹpù epo, a ṣì ń pàdánù 0.8 fólítì lórí rìlé àtijọ́ kan àti ojúkò kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn tà nínú àgbàdo ọdún yìí ná. Ó wà nínú ìwé, ní ìlà kẹfà, pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n.